Orúkọ Tí Burul Pè

Abúlé Sary-Döbö,
Ẹkùn Naryn,
Kirigísítánì.

Ọjọ́ tó ṣáájú Jímọ̀, ìparí oṣù Bélú, 2018.

Jipar, ẹnìkejì mi láti kékeré,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Orúnkún rẹ tó máa ń dùn ọ́ bí òtútù bá ti ń wọlé ńkọ́? O kú ìfaradà òtútù Rọ́ṣíà, o kú ìjókòó ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo gbọ́ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe ọ̀gá lórí àwọn aránṣọ tó kù. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Láti kékeré lo ti ń pàṣẹ fún mi láìgba owó oṣù. Ìyá rẹ wà dáadáa. Àná ni mo rí i létí odò, ó ń ṣépè fún màlúù rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, torí náà fọkàn balẹ̀.

Mo mọ̀ pé wàá ti ní, kí ló dé tí Kalipa ń kọ lẹ́tà bí ará ayé àtijọ́, àbí fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́ ni? Kò bàjẹ́. Ìwọ náà mọ ilé wa. Kò sí igun kan tí mo lè dúró sí tí àwọn ará ilé ò ní gbọ́ ohùn mi, ohun tí mo sì fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ohun tí mo lè máa pariwo sínú ẹ̀rọ. Má sì fi ọjọ́ tí mo kọ sókè yẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Orúkọ ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi sọ bàbá ọkọ wa lórúkọ, ìyàwó ilé wo ló máa fi ẹnu pè é? Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, mi ò pe ọjọ́ ọjà yẹn lórúkọ rí.

O ti gbọ́ pé Burul, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, kú. Ìyá rẹ ti sọ fún ọ, o sì ti sunkún tìrẹ. Ohun tí kò lè sọ fún ọ, torí òun náà ò mọ̀ ọ́n, ni pé Burul sọ fún wa. Ní ojúmọmọ, níṣojú gbogbo wa, ó sọ fún wa pé nǹkan ti bàjẹ́ lára òun. A gbọ́ ọ, a ò sì mọ ohun tí a gbọ́.

Ìwọ náà rántí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọmọ tín-ín-rín, tó ń tẹrí ba kiri bí ẹni tí òrùlé fẹ́ já lù. Èmi ìyálé rẹ̀ ni mo kọ́ ọ ní gbogbo orúkọ tí kò gbọdọ̀ pè nínú ilé ọkọ, kò sì pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ọkọ tèmi, Ọ̀gbẹ́ni Gíga ló ń pè é, bẹ́ẹ̀ o mọ̀ pé ọkọ mi ò ga. Ọjọ́ tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sọ́jà ńkọ́, tó ní kí oníyẹ̀fun kó ìyẹ̀fun wá fún wa ní ọjọ́ tó ṣáájú Jímọ̀? Ọkùnrin náà ní ṣé ọjọ́ náà ò lórúkọ ni. Burul ní ó lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹnu òun kọ́ ló ti máa gbọ́ ọ. O rẹ́rìn-ín títí o fi jókòó lé àpò ìyẹ̀fun onílẹ̀.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà òtútù tó kọjá ni o ò sí nílé fún. Bàbá wá abo ẹṣin rẹ̀ lọ sórí òkè, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, kò padà. Gbogbo wa jáde. Burul ló lọ jìnnà jù, ó ń pariwo, "Bàbá o! Bàbá!" kiri gbogbo òkè. O mọ̀ pé bàbá pọ̀ lórí òkè wa. Darandaran kan dá a lóhùn láti apá ọ̀tún, bàbá arúgbó kan tó ń kó igi dá a lóhùn láti apá òsì, síbẹ̀ kò pe orúkọ. Bàbá wa gan-an wà nínú kòtò pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó rọ́, ó ń gbọ́ ọ, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Nígbà tí a rí i, ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní, "Ọmọ yìí, ká ní o pe orúkọ mi ni, ǹ bá ti jẹ́ ẹ tipẹ́." Burul ní kí Bàbá dárí ji òun, orúkọ náà ò sí lẹ́nu òun. Láti ọjọ́ náà, bí kì í bá ṣe Burul ló gbé tíì wá, Bàbá ò ní mu ún tán.

Ìgbà tí à ń wa pòtétò ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ó pa á mọ́ra. Ó ń wa pòtétò, ó ń kó o sápò, ó ń lọ́ra rẹ̀ bí a bá kọ̀yìn sí i. Ìgbà tó ṣubú lulẹ̀ lóko la gbé e lọ sí ọsibítù àgbègbè wa. Wọ́n ní ìfun kékeré kan nínú rẹ̀ ti wú, ó sì ti bẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lójú ẹsẹ̀, ó sì yọrí sí rere. Lọ́jọ́ kejì ó jókòó, ó mu tíì, ó bi mí bóyá mo rántí fún màlúù rẹ̀ kékeré lómi. Ìyá ọkọ wa àti èmi là ń ṣọ́ ọ. Taalay ọkọ rẹ̀ ń wakọ̀ akẹ́rù ní Bishkek, a ní kó má wulẹ̀ já iṣẹ́ sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti ń gbádùn.

Ó wá di ọjọ́ ọjà. Láàárọ̀, òtútù mú un, ó ń gbọ̀n. A fi kúbùsù méjì bò ó. Nọ́ọ̀sì wá fi ohun tí wọ́n fi ń wọn ìbà sí i lábíyá, ó ní kò sí ìbà rárá, ara rẹ̀ tiẹ̀ tutù díẹ̀. Ìyá ọkọ wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi náà dúpẹ́. Ta ni kò mọ̀ pé ìbà ni à ń bẹ̀rù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ?

Ìgbà náà ni Bàbá wọlé, ó gbé omi ẹran àgùntàn gbígbóná dání, wọ́n fi aṣọ wé abọ́ náà. Kò tíì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Burul gbé orí sókè, ìborí rẹ̀ ti yọ̀ sẹ́yìn, irun rẹ̀ wà níta, ó wo Bàbá lójú kòrókòró. Ó pe orúkọ rẹ̀. Jipar, ó pè é ṣákálá, láìfi Bàbá síwájú rẹ̀, láìfi nǹkan kan sẹ́yìn rẹ̀, ó wá ní, "Ti ilẹ̀kùn yẹn, òtútù ń pa mí."

Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan tí ìbàdí rẹ̀ kán, tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ní kí ìyá ọkọ wa lọ máa di ẹrù, ara ìyàwó yín ti yá, ẹnu rẹ̀ ti là, ilé ló kù. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. Ojú Bàbá pọ́n. Ó rọra gbé abọ́ sójú fèrèsé. Ó ti ilẹ̀kùn náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ìta ló ti tì í.

Ìyá ọkọ wa fi etí ìborí bo ẹnu. Má rò pé òṣìkà ni, o mọ̀ ọ́n, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ló tì í pa. Ó ń bá Burul wí ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pé kí ni Bàbá fi ṣe é, ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn. Burul ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ èdè tí kò gbọ́. Ó ní, "Kí ni mo ṣe?" Kò mọ ohun tó ṣe. Ìgbà yẹn ni mo dìde dúró. Ọmọ tí kò pe orúkọ yẹn nínú yìnyín, kò lè pè é nítorí ilẹ̀kùn.

Mo lọ bá dókítà. Emil lorúkọ rẹ̀, ọmọ Bishkek ni, ó kéré sí mi dáadáa, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n torí pé òun nìkan ló kù ní ọsibítù náà lọ́sẹ̀ yẹn. Kò lé mi. Ó tẹ̀ lé mi wá, ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó bi Burul ní àwọn ìbéèrè tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá orí èèyàn pé. Kí lorúkọ rẹ? Ó dáhùn. Ibo lo wà? Ó ní ọsibítù. Kí lòní? Ó sì dárúkọ ọjọ́ náà gbangba, bí ọmọ iléèwé tó dìde dúró ní kíláàsì.

Inú dókítà dùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orí rẹ̀ pé. Ọjọ́ tí a wà gan-an, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

Mo ní, "Dókítà, ìdáhùn yẹn gan-an ni àìsàn rẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ló yẹ kó bi ní ìbéèrè. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un. Mo ní a kì í pe orúkọ yẹn, a kì í pe ọjọ́ yẹn, kò pè é rí láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń gbọ́ ara mi, tí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyá abúlé ni lójú rẹ̀. Ó ní òògùn oorun tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ máa ń mú kí aláìsàn kanra nígbà mìíràn, ìbà ò sí, kí a jẹ́ kó sinmi. Ìyá ọkọ wa di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ó tó, Kalipa. Má gbé ìtìjú wa kiri ọsibítù." Kí lo fẹ́ kí n ṣe, Jipar? Lójú ará ilé, àfojúdi ni. Lójú dókítà, orí pípé ni. Èmi nìkan ni mo dúró láàárín, mi ò lọ́rọ̀ tí apá kankan lè gbọ́.

Mo jókòó tì í. Mò ń wò ó bó ṣe ń lọ. Ó ń mí bí ẹni tó sáré gun òkè, bẹ́ẹ̀ ó sùn sílẹ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, èékánná rẹ̀ dúdú. Nígbà tí mo ṣí kúbùsù, àwọ̀ aró ti yọ káàkiri orúnkún rẹ̀. Kò tọ̀ láti àárọ̀. Mo lọ pe nọ́ọ̀sì, ó ní dókítà ti wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹṣin ló ta ọkùnrin kan nípàá. Mo lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá náà, wọ́n ní kí n kúrò. Mo padà, mo tún lọ. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè mọ nǹkan dájú kí ó má sì wúlò fún nǹkan kan. Mò ń fi ọwọ́ mi méjèèjì ra ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè móoru. Ohun tí mo lè ṣe mọ nìyẹn.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí Bàbá padà dé. Ó ti dé afárá ìsàlẹ̀ odò nínú ọkọ̀ aládùúgbò wa, inú ń bí i, kò bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀. Lórí afárá ló rántí kòtò yẹn àti ohùn tó ń ké Bàbá, Bàbá lórí òkè. Ó ní kí ọkùnrin náà yí ọkọ̀ padà. Ó bá dókítà pàdé bó ṣe ń jáde láti yàrá iṣẹ́ abẹ, kò tiẹ̀ ṣí fìlà rẹ̀.

Ó ní, "Dókítà, ọmọ yìí pe orúkọ mi láàárọ̀. Kò pè é nígbà tó rò pé mo ti kú sínú yìnyín. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, kò mọ ibi tó wà. Lọ wò ó."

Ohun kan náà ni mo ti sọ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n irùngbọ̀n funfun ló sọ ọ́ báyìí. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ dúró tì í, ó wo aago, ó ń ka bó ṣe ń mí. Ó wọn ìfúnpá rẹ̀, ó tún un wọ̀n. Mo rí i tí ojú ọmọkùnrin náà yí padà. Ó ké sí nọ́ọ̀sì, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré: wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi omi sí i ní apá méjèèjì, wọ́n fún un ní òògùn tó ń pa kòkòrò gba inú iṣan, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Gbogbo ohun tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti àárọ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀, wọ́n ṣe é ká tó gbọ́wọ́ sílẹ̀. Dókítà sọ fún wa pé kòkòrò láti inú ìfun tó bẹ́ yẹn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ara rẹ̀ ń jà débi pé ó ti ń ba ara rẹ̀ jẹ́, wákàtí kọ̀ọ̀kan ló sì níye lórí. Ó ní ká ní àárọ̀ ni. Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ìyá ọkọ wa jókòó sórí ilẹ̀.

Wọ́n ní kí a máa gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní ìlú. Bàbá fẹ́ wọ inú ọkọ̀, wọ́n ní àyè ẹnì kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn nọ́ọ̀sì, kí n wọlé torí apá mi le, èmi ni màá máa gbé omi náà sókè. Yìnyín wà lórí òkè, ọkọ̀ ń rọra lọ. Burul la ojú lẹ́ẹ̀kan. Ó tún pe orúkọ náà, kò le bíi ti àárọ̀, ó pè é bí ẹni tó ń wá èèyàn nínú òkùnkùn. Mo ní Bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn wa. Òun ni ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn létí mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó kírun, ó kú. Ìrọ̀lẹ́ ni Taalay dé.

Dókítà Emil wá síbi òkú. Ó dúró níta àgọ́ tí wọ́n tẹ́ òkú sí pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ké ẹkún òkú, ó kàn ń sunkún ni. Kí ó tó lọ, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Ó ní àìsàn yìí kì í fìgbà gbogbo mú ìbà wá, ara lè tutù, mímí yíyára àti orí tó yí ló máa ń kọ́kọ́ fi ara hàn, òun sì ti kà á nínú ìwé. Ó ní kò sí aláìsàn tí òun ń wò báyìí tí òun ò kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ṣọ́ ọ pé, ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí? Mo ní ó kú iṣẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Mo bínú sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, mo bu tíì fún un.

Bàbá ni mi ò mọ ohun tí màá ṣe sí. A ti ṣe ogójì ọjọ́, a ti jẹun tán, àwọn èèyàn ti lọ. Mo gbé tíì wọlé fún un. Kò gbà á. Ó ní, "Kalipa, pè mí."

Mo ní, "Bàbá?"

Ó ní, "Rárá. Orúkọ mi ni kí o pè. Ọmọ yẹn pè mí, mi ò jẹ́ ẹ. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Pè mí, kí n jẹ́."

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ìyá ọkọ wa tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ní kí n pè é, àní òun, tó di ọwọ́ mi mú lọ́sibítù. Mi ò lè pè é, Jipar. Mo gbé tíì náà sílẹ̀, mo sá jáde. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọlé, ẹnu mi ni Bàbá ń wò. Kò tún bẹ̀ mí mọ́. Ó kàn ń dúró ni, tíì á sì tutù níwájú rẹ̀. Mo lọ sí ibùso màlúù, mo tilẹ̀kùn, mo ní kí n pè é fún màlúù kékeré Burul. Èémí lásán ló jáde.

Mo ti sọ ọ́ tán. Má sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, sunkún díẹ̀, kí o sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ. Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi dì mọ́ àwọn ọmọ, sọ fún àbígbẹ̀yìn pé mo ṣì ń fi wàràkàṣì gbígbẹ pa mọ́ fún un. Ọkọ mi kí ọ. Ìyá ọkọ wa kí ọ, ó ní kí o máa wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ní kí n kí ọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé gègé lé ibí yìí.

Beyshenaly kí ọ.

O rí i, mo kọ orúkọ Bàbá. Omi tíì ti hó, Bàbá sì wà nínú yàrá, ó ń dúró. Mo fẹ́ gbé tíì wọlé lọ báyìí, kí n tó di lẹ́tà yìí, kí ọwọ́ mi tó gbàgbé bó ṣe ṣe é. Bóyá ẹnu mi á tẹ̀ lé e.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Kalipa.